Akéde àti Ìlẹ̀kùn Ọkàn Ńlá

"Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kì í padà sẹ́yìn," ni bàbá náà wí bí ó ti gbé okùn pupa sókè kí àwọn tó kàn lè kọjá. "Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ẹ gba ọwọ́ òsì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, níta níbí ni kó ti yà á. Inú ọkàn kì í ṣe ibi ìdúró."

Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkàn ńlá náà wà. Ó ga tó ilé alájà méjì, ike líle ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ẹran tútù, àwọn iṣan tó nípọn bí itan ènìyàn sì lọ́ mọ́ ọn lára. Ìró kan ń ti inú rẹ̀ jáde, gbì-gbì, gbì-gbì, débi pé ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ohun àrà pọ̀ nínú ilé àfihàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹn, ṣùgbọ́n ọkàn yìí ni àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá. Nítorí pé bàbá yìí ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ọlọ́kàn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ń pè é.

Ọmọ Ọlọ́kàn wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Akéde ni wọ́n sì ń pè é nílé. Kì í ṣe pé ó láriwo o. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ranlẹ̀ ni ìyá àgbà, tó bí bàbá rẹ̀, ti ń rán an níṣẹ́ káàkiri àdúgbò, kò sì fìgbà kankan bu iyọ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò sì bu omi là á. Bí wọ́n bá ní kó lọ sọ pé epo ti tán, kò ní lọ sọ pé epo kù díẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa fi í yangàn fún àwọn àlejò. "Ohun tí Akéde bá ti sọ," a ní, "ẹ má wulẹ̀ wádìí ẹ̀ mọ́. Ẹ ti gbọ́ ọ tán."

Ṣùgbọ́n ilé ni ilé, ilé ìwé ni ilé ìwé. Ní ilé ìwé, ta ló ń wá ọmọ tí kì í purọ́ sí ẹgbẹ́? Òun nìkan ni ó máa ń jókòó jẹun lábẹ́ fèrèsé yàrá ìkàwé, títí di ọ̀sẹ̀ yẹn tí Ìràwọ̀ pè é mọ́ra. Ìràwọ̀ kì í ṣe orúkọ tí ìyá ọmọbìnrin náà sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí fídíò ijó tó máa ń gbé jáde lórí fóònù, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń wò. Ẹni tó bá fara hàn nínú fídíò Ìràwọ̀, ó ti dẹni ńlá ní kíláàsì wọn nìyẹn. Ọmọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Òpó ló máa ń tẹ̀ lé e kiri. Àwọn méjèèjì yìí ti jẹ́ kí Akéde bá wọn jẹun láti ọjọ́ Ajé, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ àwàdà wọn tán.

Olùkọ́ wọn kó wọn wọ inú ọkàn, wọ́n sì rìn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Wọ́n gba yàrá kékeré ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan tó há, wọ́n sì kan ìlẹ̀kùn rọ́bà kan tó ní ewé mẹ́ta. Téèyàn bá fi èjìká tì í síwájú, á ṣí. Téèyàn bá fẹ́ fà á padà, kò ní gbà. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn ni yàrá ńlá wà, iná pupa ń jó rẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, ògiri rẹ̀ rí wúruwùru, ìró gbì-gbì yẹn sì ń ti inú ògiri bọ́ sí ènìyàn láyà. Inú rẹ̀ ń rùn bíi rọ́bà àti bàtà. Olùkọ́ ní bí ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí nínú ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ á dá dúró sẹ́yìn, ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́sẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ ní tirẹ̀ ń wo iná pupa náà.

Nígbà tí wọ́n jáde, olùkọ́ ní kí wọ́n máa wo àwọn nǹkan yòókù títí bọ́ọ̀sì wọn á fi dé. Kíá ni Ìràwọ̀ fa Akéde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yàrá pupa yẹn ni mo fẹ́ jó nínú ẹ̀. Àwa nìkan, kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Lọ bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀."

"Wọn ò ní gbà," ni Akéde wí. "Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lo fóònù níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ káwọn èèyàn wọlé kí wọ́n má baà tira wọn lórí àtẹ̀gùn."

"Bàbá tìẹ ni, kì í ṣe tèmi."

"Tí mo bá béèrè, wọ́n á kàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í dúró ni."

Òpó bú sẹ́rìn-ín, ó fara wé ohùn bàbá náà, "Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró o." Akéde bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó rín in.

"Ó dáa," ni Ìràwọ̀ wí. "Kí ló wá lè mú wọn kúrò nídìí okùn yẹn? Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré là ń wá."

"Kò sí nǹkan kan."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí Akéde pa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Nǹkan kan wà, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tó wà ní kékeré, ilé búrẹ́dì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àìsàn tó ń ṣe ìyá rẹ̀ yí bírí, ìyá àgbà sì ní kó sáré lọ pe bàbá rẹ̀ wá. Ó sáré. Ó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Bàbá rẹ̀ wo inú ààrò, ó ní, "Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n kó búrẹ́dì yìí jáde, kó má baà jóná." Búrẹ́dì náà kò jóná. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa délé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá Akéde lójú. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yìí kò ti fi búrẹ́dì kan ẹnu mọ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, iṣẹ́ mìíràn sì wọ́n ju ojú lọ, ọdún gorí ọdún kó tó rí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ọkàn yìí. Ó sì bá ara rẹ̀ ṣe ìpinnu kan: bí ilé bá pe òun, òun ti dìde nìyẹn, òun kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀.

"Fi í sílẹ̀, jàre," ni Òpó wí fún Ìràwọ̀. "Ọmọ bàbá ẹ̀ ni. Lọ́la, á padà sábẹ́ fèrèsé rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akéde lára ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbàlagbà lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni jíjẹun lábẹ́ fèrèsé fi ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí máa rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn méjèèjì, ó wo bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ẹ dúró dè mí níbí."

Bàbá rẹ̀ rí i tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. "Akéde, ṣé ẹ ti fẹ́ máa lọ ni?"

"Bàbá, wọ́n pe olùkọ́ wa lórí fóònù." Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í mú fóònù wọ ibi iṣẹ́, inú àpótí ni wọ́n ń tì í mọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. "Ìyá àgbà ti ṣubú."

Kò béèrè ẹni tó pè. Kò béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ṣubú sí. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá di okùn mú kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ àfi bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnìkankan. Ó fi okùn náà kọ́ orí ìṣó, ó kígbe sí obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní òdìkejì pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun mójú tó ibẹ̀. Obìnrin náà ń dá àwọn àlejò lóhùn, ó kàn ju ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n kí. Bàbá náà sì ti ń sáré lọ. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí ìjókòó níbi tó gbé e sí.

Akéde la ẹnu láti pè é padà. "Bà—" ló jáde. Ìràwọ̀ sì ti dì í lọ́wọ́ mú látẹ̀yìn, ó ń fà á wọ inú ọkàn.

Nínú yàrá pupa, Òpó fi ẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn rọ́bà pa kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Ìràwọ̀ fún Akéde ní fóònù pé kó máa ya òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ ijó. Ó mọ̀ ọ́n jó, irọ́ kọ́. Ìró gbì-gbì ọkàn náà ló fi ṣe ìlù. Akéde di fóònù mú, ojú rẹ̀ ń wo ijó, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń sáré ní títì ló ń rí.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ kéékèèké ni, inú wọn ń dùn, wọn kò rí ẹni tó di okùn mú, wọ́n sì ya wọlé ní gbogbo wọn. Olùkọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bá ọ̀kan nínú wọn wọ bàtà tó bọ́. Àwọn tó wà níwájú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n kan ìlẹ̀kùn, wọ́n tì í, kò ṣí. Àwọn ti ẹ̀yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì bọ̀.

"Ẹ gbọ́, nǹkan kan ń dún," ni Akéde wí.

"Ara ìró yẹn ni," ni Ìràwọ̀ dáhùn, kò dúró nínú ijó rẹ̀. "Máa yà á lọ."

Akéde fetí sílẹ̀. Gbì-gbì. Gbì-gbì. Lábẹ́ rẹ̀ ni nǹkan mìíràn wà, tó tín-ín-rín, tó jọ igbe. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sáré lọ fi agbára fa Òpó kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ewé rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí, àwọn ọmọ sì dà wọlé lórí ara wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ súwẹ́tà àwọ̀ òfeefèé ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé àwọn yòókù kúrò lórí rẹ̀, apá rẹ̀ ti tẹ̀ sí ibi tí apá kì í tẹ̀ sí. Kò sunkún mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí kíkankíkan. Ọkàn ńlá náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń lù lọ.

Ọkọ̀ tó wá gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn ti ń jáde nígbà tí bàbá Akéde padà dé. Òógùn bò ó. Ó ti délé. Ó ti bá ìyá rẹ̀ lórí àga níwájú fèrèsé, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ iṣẹ́ kejì tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, tó sì gbójú sókè tó ní, "Ṣé kò sí nǹkan, tí o fi ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí?" Gbogbo ọ̀nà tó fi ń padà bọ̀ ló fi ń rò ó, ó sì ti rò ó débi tó yẹ kó rò ó dé. Ó rí Akéde lára ògiri láàárín àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó mọ́.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé àfihàn náà dúró níwájú rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò nídìí okùn?"

Akéde ń gbọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kan òun, ó mọ̀ pé kí òun sọ̀rọ̀ ló kù. Ìràwọ̀ sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ ń sọ pé o ò gbọdọ̀.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kúrò, mà," ni bàbá náà wí. "Èmi ni mo fi ibi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

"Láìfi okùn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́?"

"Láìfi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mà."

Bí wọ́n ṣe ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ nìyẹn. Ó ṣẹ́ ẹ dáadáa, ó tẹ́ ẹ lé orí àpótí ìjókòó, ó gbé rédíò lé e. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun ni ó wọ̀ jáde sí títì ní ojú gbogbo kíláàsì ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara wé ohùn rẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn jókòó sínú ilé. Aṣọ iṣẹ́ kejì náà wà lórí ẹ̀yìn àga, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ìyá àgbà, tí kò mọ̀ ju pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ, ń gbìyànjú láti tu ọmọ rẹ̀ nínú. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ó ń wí. "A ṣì wà láàyè." Akéde kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kó mú un mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Kò sí ẹni tó pe fóònù. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọ̀gá yín?"

Bàbá rẹ̀ wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀yìn àga. "Kí ni ǹ bá sọ? Pé ọmọ mi fi ìyá mi purọ́ fún mi? Ṣé n máa wá lè gbójú sókè lẹ́yìn ìyẹn ni?" Ó nu ojú. "Iṣẹ́ bọ́ lọ, kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Akéde, nígbà tí mò ń sáré lọ, mo ti ń sunkún ìyá mi. Mo ti rí i nínà gbalaja, bí mo ṣe rí ìyá tìẹ. O mọ̀ pé ohun tí n máa rí nìyẹn, o sì rán mi lọ síbẹ̀."

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé àyà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Ìkúnlẹ̀ níbí ò ṣe nǹkan kan. Ibi tó yẹ kóo ti sọ̀rọ̀, o ò sọ ọ́ níbẹ̀."

Akéde sọ ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ, olùkọ́ sì mú un lọ sí iwájú ọ̀gá ilé àfihàn, ó sì tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láìbu iyọ̀ sí i, láìbu omi là á, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jíṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó rò pé òtítọ́ á tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"O ṣe dáadáa tí o wá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n okùn wà lọ́wọ́ bàbá rẹ, ó sì jù ú sílẹ̀. Apá ọmọ ọlọ́mọ sì ṣẹ́. N kò lè pè é padà."

Ilé ìwé lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìràwọ̀ pa fídíò náà rẹ́, ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé Akéde ló gbé ètò náà kalẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́. Nígbà tí Akéde padà sí ilé ìwé, abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó bá a dù ú. Àgùntàn tó bá ajá rìn ti jẹ ìgbẹ́ tán, ajá sì ti wá ẹlòmíràn bá rìn.

Bàbá rẹ̀ wá iṣẹ́ títí, kò rí. Nígbà tó yá, ó padà sí ilé búrẹ́dì. Kò bá ẹnikẹ́ni nílé jíròrò rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣá, ó wọlé, ìyẹ̀fun wà ní irun apá rẹ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì bá a wọlé. Ìyá àgbà yíjú sí ògiri. Akéde gbé omi ìwẹ̀ fún un, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ ọ.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Akéde ń fọ aṣọ, ó gbọ́ ìró kan láti inú balùwẹ̀, gbì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó dúró de ìkejì, kò gbọ́ ọ. Nígbà tó sáré débẹ̀, ìyá àgbà wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sábẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ọ̀rọ̀. Akéde pariwo pe àwọn ará ilé kejì. Ó sì fa fóònù yọ, ó pe ilé búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n fún òun ní bàbá òun.

"Bàbá," ni ó wí, "Ìyá àgbà ti ṣubú."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti ti ọjọ́ náà. Ní òdìkejì, ó ń gbọ́ bí iná ààrò ṣe ń hó, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa páànù lórí irin. Bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ rárá, kò ju kí ènìyàn mí èémí kan lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rí ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

"Òótọ́ ni, Bàbá."

Ó wá. Ó sáré wá pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù ní ọrùn. Wọ́n gbé ìyá àgbà dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ ti fọ́, dókítà sì ní kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ láìdi nǹkan mú. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, bàbá àti ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ ọwọ́ bàbá, ó ń fi èékánná ha á kúrò.

"Búrẹ́dì yẹn á ti jóná," ni ó wí. "Mi ò dúró kó o."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Mo kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè." Ó gbọn ìyẹ̀fun tó ha náà nù. "Mi ò fẹ́ bi ọ́. Ẹnu mi ló bi ọ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ láàárín èmi àti ẹ."

"Ó yẹ, Bàbá. Ẹ máa bi mí."

Akéde sọ ọ́, ó sì ń retí pé bàbá rẹ̀ á ní rárá, pé òun kò ní bi í mọ́ láé. Bàbá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà kì í purọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yìí bá fẹ́ jíṣẹ́ nílé, a kọ́kọ́ sọ pé, "Òótọ́ ni o," kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi í. Wọn kì í pè é ní Akéde mọ́. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Orúkọ náà kàn ń wọ́n lẹ́nu wọn lójoojúmọ́ ni, títí ó fi di pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Inú ìtàn yìí nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ìlẹ̀kùn ẹnu, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, iwájú ni, ẹni tó sọ ọ́ kò sì mọ ọmọ ta ni yóò wà lórí àtẹ̀gùn. Ènìyàn lè jẹ́wọ́, kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dára kó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹni gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́ láìbéèrè, ẹ̀bùn ni. Ẹ má fi ẹ̀bùn náà ra ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ti ná an tán ni yóò wá mọ iye tó jẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí fóònù, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá dákẹ́.